Ilé Ìtura Tí Kì Í Sin Àlejò Sọ́nà

Ẹ sún mọ́ra, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ṣì ń sáré bọ̀ lábẹ́ òjò. Ẹni tí òjò bá ká mọ́ ilé ẹlòmíràn, ìtàn onílé ni yóò gbọ́. Ó dùn, kò dùn, kò sí ibi tí yóò gbà lọ. Mo ti wo ojú ọ̀run, òjò yìí kò ní dá kíákíá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí èmi Ọdẹ́gbàmí ṣe lọ wọ̀ sí ilé ìtura kan létí òkun, tí mo sì jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, etí mi méjèèjì, àti ohun tí kì í ṣe tèmi nínú ẹnu mi.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, ẹ bi àwọn tó jókòó tì yín. Èmi ni mo yìnbọn sí ẹfọ̀n kan nígbà tí mo wà ní géńdé. Ẹfọ̀n náà wo ojú mi, ó ní irú ọdẹ yìí kò gbọdọ̀ ru ẹrù, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sílé wa kí ó tó kú.

Ìyá arúgbó tó jókòó sídìí òpó níbẹ̀ yẹn, tó ń bó ẹ̀gúsí, ti pòṣé. Ẹ má dá a lóhùn. Bó ti máa ń ṣe nìyẹn bí mo bá ti la ẹnu.

"Ẹfọ̀n wo?" ni ó ń wí yẹn. "Òkété ni. Òkété náà sì ti kú kí o tó bá a."

Ẹ gbọ́ bí? Ẹ jẹ́ ká máa bá tiwa lọ.

Mo ní àbúrò kan, ọmọ ìyá mi, Àlàbá ni orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo le, òun ni ó rọ̀. Ibi tí mo bá ti fi ìbínú wọlé, òun ni yóò tẹ̀ lé mi wọlé tí yóò máa bẹ àwọn ènìyàn. Ohùn rẹ̀ tutù débi pé ẹni tó bá kí láàárọ̀ kò ní lè bínú títí ọ̀sán yóò fi pọ́n. Àlàbá lọ ra iyọ̀ létí òkun. Ó sùn sí ilé ìtura àtijọ́ kan tó wà níbẹ̀, ilé tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí pé àwọn ọba ìgbàanì àti àwọn iwin ńlá ńlá ti sùn síbẹ̀ rí. Nígbà tó padà dé, iyọ̀ pé, ọwọ́ pé, ẹsẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ohùn kò bá a wá. Ó la ẹnu, afẹ́fẹ́ ló jáde. Ó wá ń wo ọ̀nà etí òkun ṣáá bí ẹni tó gbàgbé nǹkan.

Ìgbà náà gan-an ni Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ bí ọmọkùnrin. Ní ilé wa, bàbá ọmọ ni ó ń kọ́kọ́ pe orúkọ sí ọmọ létí lọ́jọ́ ìkómọ. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ bá a ṣe é nígbà tó bá wà láàyè. Bí wọ́n bá bá a ṣe é, a jẹ́ pé wọ́n ti kà á mọ́ òkú. Gbogbo ilé ń wo ojú ara wọn. Mo rí àbúrò mi tó gbé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, tí ètè rẹ̀ ń mì, tí nǹkan kan kò jáde. Ó dùn mí dọ́kàn. Ohun tó bá ojú ti bá imú. Mo mú ìbọn mi, mo ní kí ọjọ́ ìkómọ tó pé n óò ti mú ohùn náà wálé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n má wá mi mọ́.

Ìyá wa sìn mí dé ìdí igi akòko tó wà lẹ́yìn odi ìlú. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é níbí. Ẹni tó ń sin ènìyàn sọ́nà kì í dá ara rẹ̀ padà; ẹni tí a ń sìn ni yóò sọ pé ó tó. Mo dúró, mo ní, "Ó tó, ìyá, ẹ padà." Ìyá wa padà, èmi náà kọ ẹ̀yìn sílé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sápò, a ó tún nílò rẹ̀.

Ẹ má bi mí léèrè ọ̀nà. Ọ̀nà ni ọ̀nà, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín. Mo wọ Igbó Àìdìde, níbi tí àwọn igi ti ń dàgbà ní ìdùbúlẹ̀, tí àwọn ẹyẹ sì ń fi àyà wọ́ káàkiri. Láàárín igbó náà ni iwin kan jókòó, tó dí ojú ọ̀nà pa. Ó tóbi tó àká àgbàdo. Koríko ti hù sí itan rẹ̀, ikán ti kọ́lé sí abíyá rẹ̀. Jókòó-má-dìde ni orúkọ rẹ̀. Bí mo ti sún mọ́ ọn ni ó fi ọwọ́ kan gbá mi, mo yí bíríbírí, mo lọ forí sọ igi.

"Níbo lò ń lọ?" ni ó bi mí.

"Ilé ìtura etí òkun."

Ojú rẹ̀ pọ́n. "Mo sùn síbẹ̀ rí, nígbà tí baba rẹ kò tíì hu eyín. Mo jáde níbẹ̀, mo rìn dé ibí, mo jókòó láti sinmi. Ìgbà tí mo fẹ́ dìde ni mo mọ̀ pé mo ti gbàgbé ìdìde mi sọ́hùn-ún. Láti ìgbà náà, ìbínú ni mo fi ń jẹun. Gbogbo ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀, mo ń pa àlọ́ kan fún un. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, mo gbé e mì. Àlọ́ o."

"Àlọ̀," ni mo dáhùn, nítorí pé ẹni tó wà lábẹ́ ẹnu iwin kì í ní òun kò gbọ́ àlọ́.

"Kí ni onílé ń fún àlejò lẹ́yìn tó ti fún un ní omi, tó ti fún un ní oúnjẹ, tó ti tẹ́ ẹní fún un? Àlejò kò lè gbé e dé ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá gbà á, kò lè dé ilé rẹ̀."

Mo ní ẹran gbígbẹ ni. Ó ní ẹran gbígbẹ a máa délé. Mo ní àdúrà ni. Ó ní àdúrà a máa bá ènìyàn wọ yàrá. Ó la ẹnu, mo rí eyín, mo rí ọ̀nà ọ̀fun, mo rí fìlà ẹni tó ti kùnà ṣáájú mi tó há sí i léyín. Ni ọgbọ́n ọdẹ bá sọ sí mi nínú. Mo ní, "Ẹni tí o bá gbé mì kò lè wá ìdáhùn lọ. Jẹ́ kí n dé ilé náà. Bí mo bá ń bọ̀, n óò mú ìdáhùn wá, n óò sì mú ìdìde rẹ wá."

Ó wò mí bí ẹni wo ohun tó jẹrà. Ó pa ẹnu dé, ṣùgbọ́n ó gba ìbọn mi, ó ní òun yóò máa fi ta eyín títí n óò fi dé. Ọdẹ tí kò níbọn, kí ló kù lára rẹ̀? Ẹnu nìkan ni. Inú mi bàjẹ́ gan-an bí mo ti ń lọ.

"Ẹnu náà ló pọ̀ jù lára rẹ tẹ́lẹ̀," ni ìyá ìdí òpó wí.

Mo dé ìlú etí òkun. Oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀. Ọ̀sán gangan ni ní gbogbo ìgbà, òógùn kò sì gbẹ lára ẹnikẹ́ni, bóyá ohun tó mú kí inú wọn máa bí wọn nìyẹn. Mo kí wọn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo béèrè ọ̀nà, wọ́n da iyanrìn sí mi lójú. Mo wá lọ síbi tí ẹ̀gàn ti pọ̀ jù, mo sì rí ilé náà.

Létí omi gan-an ló dúró sí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, òpó rẹ̀ nípọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká lókè nílẹ̀, fèrèsé rẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, ògiri rẹ̀ funfun...

"Kò funfun," ni ìyá ìdí òpó wí. "Àwọ̀ ẹyin ni wọ́n kùn ún. Iyọ̀ òkun ló bó o."

Ó dára, ìyá, àwọ̀ ẹyin ni. Igi àgbọn dúró yí i ká, àgbọn wọn kì í sì í já àfi bí wọ́n bá rí orí ènìyàn lábẹ́. Ọ̀kan já, mo yẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ tí èkejì ń sọ lókè pé òun yóò rí mi nígbà tí mo bá ń padà.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ kú ilé o." Kò sí ẹni tó ní ẹ káàbọ̀. Mo tún un wí. Obìnrin kan yọ lórí àtẹ̀gùn. Ó gbó, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Ó so ìdì kọ́kọ́rọ́ ńlá kan mọ́ ìdí, àwọn kọ́kọ́rọ́ náà sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bó ti ń rìn. Ìyá Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń pè é.

"Ta ló ní kó o wá?" Bó ti kí mi nìyẹn.

"Àlejò ni mí, ìyá."

"Mo ti rí i. Gbogbo ohun tó bàjẹ́ nínú ilé yìí, àlejò ló bà á jẹ́. Nu ẹsẹ̀ rẹ. Nu èkejì. Ilẹ̀ tí ọba tẹ̀ ni o fẹ́ fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ̀, ojú kò sì tì ọ́."

Ó bu omi fún mi. Ní ilẹ̀ wa, onílé ni yóò kọ́kọ́ tọ́ omi wò kí ó tó gbé e fún àlejò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Obìnrin yìí kò tọ́ ọ wò. Ó nà án sí mi, ó ń wo ẹnu mi. Omi òkun ni. Mo mu ún tán pátápátá, mo ní ó dùn, kí inú rẹ̀ lè bàjẹ́. Inú rẹ̀ bàjẹ́.

Bó ti kórìíra àlejò tó, kò lè ṣe kó má fi ilé rẹ̀ yangàn. Ó mú mi yí i ká. Ó fi àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan hàn mí. "Ọba kan jókòó lórí èyí, ó ṣubú. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún un ṣe." Òrùlé ń jò sí wa lórí. "Jíjò yẹn ti ń jò kí wọ́n tó bí baba baba rẹ. Wọ́n ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó." Ẹ̀fọn kan bà lé mi lápá, mo gbé ọwọ́ sókè. Ó di ọwọ́ náà mú. "Ìran ẹ̀fọn tó jẹ ọba náà ni. Jẹ́ kó yó." Mo na apá sílẹ̀ fún ẹ̀fọn. Ó mu díẹ̀, ó tu ú dànù, ó ní ẹ̀jẹ̀ mẹ̀kúnnù ni. Àwọn àwòrán àlejò àtijọ́ tó wà lára ògiri yọ ṣùtì sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó tì mí sínú yàrá kan. Bí mo ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ni bẹ́ẹ̀dì gbé mi sọ mọ́ ògiri. Mo dìde, mo fún ṣòkòtò mi le, mo ní bẹ́ẹ̀dì kò bí ọdẹ. A wọ̀ ọ́ jà. Ó fi mí sábẹ́, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wé mọ́ mi lọ́rùn láti gbè é lẹ́yìn, ìrọ̀rí ń gbá mi létí. Mo ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra, mo ṣẹ́ ọ̀kan, ó sì ké bí ewúrẹ́. Mo jókòó lé e ní ìjókòó ẹni tó ṣẹ́gun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìsinsìnyí, ẹ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi ti dá bẹ́ẹ̀dì rí.

"Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà ṣì ṣẹ́ títí di òní," ni ìyá ìdí òpó wí. "Ọ̀bàyéjẹ́."

Wọ́n gbé ẹja díndín wá fún mi. Ẹja náà gbé orí sókè nínú àwo, ó ní àwọn ènìyàn pàtàkì ló ń jẹ ìran òun, òun kò lè wọ ikùn ọdẹ. Mo sọ fún un pé ikùn ọdẹ kì í bi ẹja léèrè ìran. Mo ń jẹ ẹ́, ó ń bú mi, títí mo fi jẹ ẹ́ dé ẹnu rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń lá ọwọ́ ni Ìyá Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti kọjá níwájú yàrá, tí àwọn kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Láàárín ariwo wọn ni mo ti gbọ́ ọ: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra." Ohùn Àlàbá ni. Bó ti máa ń wí fún mi nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ jà. N kò ní purọ́ fún yín. Èmi tí mo dá bẹ́ẹ̀dì, mo fi àwo ẹja bojú, mo sunkún.

Nígbà tí mo sunkún tán, mo tọ̀ ọ́ lọ. Mo ní, "Ìyá, ohùn àbúrò mi wà ní ìdí yín."

"Ó wà níbẹ̀," ni ó dáhùn, kò tilẹ̀ ronú. "Ìdìde iwin kan wà níbẹ̀. Oorun ọba kan wà níbẹ̀. Ẹ̀rín obìnrin kan tó wá gba atẹ́gùn òkun náà wà níbẹ̀. N kò jí nǹkan kan. Bí wọ́n bá sùn tán, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀, wọ́n á lọ. Ohun tó bá kọ̀ tí kò bá wọn lọ, tèmi ni."

"Kí ló dé tó fi ń kọ̀?"

"Nítorí pé n kì í sìn wọ́n. Àlejò tí onílé kò bá sìn sọ́nà kò tíì lọ. Apá kan rẹ̀ ṣì jókòó. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi mí ṣọ́ ilé yìí, ẹsẹ̀ mi kò kọjá géètì rí. Ṣé èmi tí ọba ń kí ni kí n máa sin àlejò kiri? Ìwọ náà yóò lọ. Ojú ọdẹ ni n kò tíì ní, ó sì wù mí. Ṣebí wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

Nígbà náà ni àlọ́ Jókòó-má-dìde yé mi. Sísìn sọ́nà ni onílé ń fún àlejò kẹ́yìn. Kò ṣeé gbé délé, ẹni tí kò bá sì rí i gbà kò lè délé tán.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọrọgbọrọ. Mo sọ fún un nípa ọmọ tuntun náà, mo sọ fún un nípa ọjọ́ ìkómọ tó ń bọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sìn mí dé oríta péré. Ó fi ẹ̀yìn mi ṣe àtẹ̀gùn, ó gòkè lọ.

Bí Àlàbá bá wà níbẹ̀, yóò ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe Àlàbá. Mo dìde, mo gbọn ara, mo sì ronú bí ọdẹ ti ń ronú lẹ́nu ihò: ẹran tí kò bá jáde fún ohun tó fẹ́, yóò jáde fún ohun tó ń bí i nínú. Mo gbé àpò mi kọ́ èjìká, mo fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀, mo wá sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́. Mo ní, "Ilé náà kò burú. Ó kàn jẹ́ pé tuntun ni."

Jíjò àtijọ́ dẹ́kun jíjò.

"Kí lo wí?" ni ó bi mí láti òkè.

"Mo ní tuntun ni. Sìmẹ́ńtì rẹ̀ kò tíì gbẹ. Àká àgbàdo baba mi lè bí ilé yìí lọ́mọ." Mo sì ń rìn lọ.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo kan òpó kan ní ìkúùkù, mo ní, "Àná ni wọ́n gbé eléyìí síbẹ̀."

"Wọ́n ti gbé òpó yẹn síbẹ̀ nígbà tí àwọn baba ńlá rẹ ṣì ń fi ewé bo ìdí," ni ó wí, ó ń bọ̀. "Ìwọ olórí bí àgbọn tí òkun kọ̀."

Mo bọ́ sí àgbàlá. "Àwọn igi yìí náà, ẹ ẹ̀ bá jẹ́ kí wọ́n dàgbà díẹ̀ kí ẹ tó gba àlejò."

"Nígbà tí ìyá rẹ bí ọ tán, ó bi àwọn ènìyàn pé kí ni èyí. Wọn kò tíì dá a lóhùn."

Mo kọjá géètì. N kò wo ẹ̀yìn. Mo ní ọ̀dà géètì náà ti ta sí mi láṣọ. Mo gbọ́ tí géètì dún lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti jáde. Ó ń ka ìran àwọn tó kọ́ ilé náà sí mi lórí, ó ń fi èébú dí àárín orúkọ wọn, ó bú imú mi, ó bú ìrìn mi, ó bú ajá tí n kò tíì rà. Mo ń rìn, ó ń tẹ̀ lé mi, títí a fi kọjá igi àgbọn ìkẹyìn, tí a dé oríta.

Ẹ̀yin ará mi, ẹni tó fi èébú sìn ọ́ jáde, ó ṣáà sìn ọ́. Àwọn kọ́kọ́rọ́ ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹ̀rín obìnrin kan fò kọjá lórí wa. Oorun ọba bà lé ewúrẹ́ kan létí ọ̀nà, ewúrẹ́ náà han-run lẹ́ẹ̀kan, oorun sì tún gbéra lọ wá olówó rẹ̀. Mo yíjú padà láti sọ ohun tí àṣà ní kí n sọ, pé ó tó, ìyá, ẹ padà. Bí mo ti la ẹnu ni ohùn Àlàbá, tó ń wá ẹnu ọmọ ìyá rẹ̀, kó wọ ẹnu mi. Mo pa ẹnu dé wàì. Bí mo bá là á, ohùn náà yóò bọ́ sínú atẹ́gùn òkun, a kò sì ní rí i mọ́ láyé.

Ìyá Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì wo ilẹ̀. Ó rí i pé òun ti jáde. Ó fẹ́ yí padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀.

"Sọ pé kí n padà," ni ó wí.

Mo tọ́ka sí ẹnu mi, mo mi orí pé kò ṣeé ṣe.

"Sọ ọ́, olóríburúkú."

Mo kọjú sí ọ̀nà ilé, nítorí pé ọjọ́ ìkómọ kò ní dúró dè mí. Kò sí ohun tó lè ṣe ju kó máa sìn mí lọ.

N kò rí ọ̀nà tó rọ̀ mí lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹkùn kan yọ sí wa. Ó gbọ́ ohun tí ìyá yìí sọ nípa ìrù rẹ̀, ó ká a sáàárín ẹsẹ̀, ó lọ. Àwọn ebora tó ń dá ọ̀nà ní ibi kan bẹ̀ wá pé ká tètè máa kọjá. Nígbà tí a dé Igbó Àìdìde, Jókòó-má-dìde ti rí ìdìde rẹ̀ gbà. Ó dúró gbagidi, orí rẹ̀ ń kan ọ̀run, omi ìbínú ń dà lójú rẹ̀. Kò béèrè ìdáhùn àlọ́. Ó rí ẹni tó wà lẹ́yìn mi, ó da ìbọn mi sọ́dọ̀ mi, ó sì gbé ẹsẹ̀ sókè láti fi tẹ obìnrin náà pa.

Mo bọ́ sáàárín wọn, mo na ìbọn sí iwin náà lójú. Ẹni tó ń sin ènìyàn sọ́nà, ọwọ́ ẹni tó ń sìn ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Iwin náà wò mí, ó tutọ́ sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá náà ní kí n kúrò lójú ọ̀nà òun, pé ẹ̀yìn mi ń rùn.

Ibẹ̀ ni mo ti wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò rìn jáde rí ni. Ó ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń yọ, kò sì sọ pé ká sinmi. Ohùn Àlàbá ń lu eyín mi láti inú: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra." Mo rọra.

Òwúrọ̀ ìkómọ ni a wọlé. Wọ́n ti gbé oyin sílẹ̀, wọ́n ti gbé atare sílẹ̀, wọ́n ti bu lára iyọ̀ tí Àlàbá rà sínú àwo. Àwẹ̀ró gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Àwọn àgbà kan ti ń sọ pé kí ẹlòmíràn pe orúkọ náà. N kò kí ẹnikẹ́ni. Mo fi ẹnu mi kan ẹnu àbúrò mi, mo dá ohùn rẹ̀ padà fún un. Ó wúkọ́, ó di àyà mú. Gbogbo ilé na etí fún orúkọ.

Àlàbá kò tíì pe orúkọ. Ojú rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìyá náà dúró sí nínú oòrùn, tí kò wọlé, tó ṣì ń bú mi pẹ̀lú ìwọ̀nba ohùn tó kù ún kù.

"Ẹ káàbọ̀, ìyá," ni Àlàbá wí. "Ẹ kú ìrìn."

Èébú náà dúró. N kò rò pé ẹnikẹ́ni ti kí i bẹ́ẹ̀ rí, nítorí pé ẹni tí kì í kúrò nílé, ta ni yóò kí i káàbọ̀? Àlàbá bu omi, ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ìyá náà wo inú igbá náà pẹ́.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Omi ni, ìyá."

Ó mu ún tán. "Kò níyọ̀," ni ó wí. "Omi burúkú." Ó sì jókòó sídìí òpó.

Nígbà náà ni àbúrò mi gbé ọmọ rẹ̀, tó pe orúkọ sí i létí: Ọdẹ́délé. Òun ni géńdé tó ń jẹ àgbàdo lọ́hùn-ún yẹn, tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, mo rántí pé ẹnu mi ti ṣófo. Mo lọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà. Mo ní, "Ìyá, mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí, kí ẹ lè máa padà."

Ó ní, "Bí o bá dán an wò, n óò fọ́ ọ lẹ́nu."

N kò tíì sọ ọ́ títí di òní. Ẹ má yíjú wò ó lẹ́ẹ̀kan náà, kò fẹ́ kí wọ́n máa wo òun. Ó gbó lọ́jọ́ náà bó ti gbó lónìí. Kọ́kọ́rọ́ tó ṣófo ló wà nídìí rẹ̀ yẹn, ó ń fi ọ̀kan lára wọn la ẹ̀gúsí tó bá le.

Òjò ti dá. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n lè sìn yín mọ́, bẹ́ẹ̀ n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé nǹkan rẹ̀ sílé mi. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sìn wọ́n.

Ó ti ń dìde. Ẹ gbọ́ ọ: "Ẹ jáde, ẹ̀yin ọ̀lẹ, tí ẹ ti jẹ àgbàdo onílé tán tí ẹ kò bu omi sí ìkòkò rẹ̀. Ẹ wo ìrìn wọn bí ìrìn pẹ́pẹ́yẹ."

Ẹ má dá a lóhùn, ẹ ṣáà máa rìn. Bí ẹ bá dé ìdí igi akòko, ẹ dúró, ẹ sọ fún un pé, "Ó tó, ìyá, ẹ padà." Inú ilé yìí ni yóò padà sí.